Ohun tí Ọ̀bọ̀kún Gbé Sẹ́nu

Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀nàfowókàn, ẹ rọra.
Ọ̀pá yín dán, ó gùn, ó wọ́n ju ọkọ̀ mi lọ,
ṣùgbọ́n òkun Òde-Omi kì í wojú owó.
Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín rì díẹ̀ sínú iyanrìn.
Ẹ ka ìgbì: ẹ jẹ́ kí méjì tó ń bínú kọjá,
bí ẹ̀kẹta bá ti fọ́, kí ẹ ju okùn
síbi tí omi ti dúdú bí aró.
Òjé kékeré kò lè dúró níhìn-ín.
Edé tútù ni ìdẹ, ẹ má bó èèpo rẹ̀;
ẹja tó bá mọ edé, èèpo ló fi mọ̀ ọ́n.

Bó bá ń fà á bí ọmọ tó ń fa ìró ìyá rẹ̀,
ṣáwá ni, ẹ má dá a lóhùn.
Bó bá já a gbà bí olè,
kúta ni. Ayùn ló wà lẹ́nu rẹ̀,
nítorí tirẹ̀ la fi ń fi wáyà so ìwọ̀.
Èyí tó ń kùn nínú agbọ̀n bí àgbà tí wọn kò kí,
àpò nìyẹn; òkúta funfun méjì ń bẹ nínú agbárí rẹ̀,
bàbá mi máa ń yọ wọ́n fún wa, a fi ń ta ayò.

Ẹ ní eré ni, ẹ ó ya fọ́tò, ẹ ó dá a padà sómi.
Mo rẹ́rìn-ín. Ní ilé wa, a kì í fi ọbẹ̀ ṣeré.

Ó di ọ̀sán kí ọ̀pá tó tẹ̀.
Ọ̀bọ̀kún òkun. Ẹ fẹ́ gbá a mú, mo kígbe:
ẹ̀gún mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lápá méjèèjì,
èyí tó bá gún yín, ẹ kò ní sùn mọ́jú.
Kò jẹ ìdẹ wa. Ìwọ̀ ló ṣèèṣì kọ́ ọ ní lẹ́bẹ́.
Mo la ẹnu rẹ̀ wò:
ẹyin, róbótó-róbótó, bí ọmọ ayò,
òmíràn ti lójú, ó ń wò mí.
Akọ ni. Akọ ló ń gbé wọn kiri,
kò sì ní jẹun títí wọn ó fi lè wẹ̀.

Ẹ ti gbé fóònù sókè.
Èmi ti wọ omi dé orúnkún.

Ọdún tí ọ̀sà kó ilé wa lọ ní Mákùn-Omi,
gààrí tó kù kò kún ife.
Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún àwọ̀n ṣe,
ó ní òun ti yó láti òwúrọ̀.
Ogún ọdún ni mo fi gbà á gbọ́.

Ẹ wá, ẹ fi edé mìíràn sí ìwọ̀.
Omi ti ń fà sẹ́yìn.