Wáyà Tó Mọ Ìkíni

"Ọ̀kun o, bàbá," ni Tólúhì wí lẹ́nu ọ̀nà,
mọ́tò kékeré lábẹ́ abíyá rẹ̀ bí òròmọdìẹ.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìdíje, lórí sìmẹ́ǹtì iléèwé wọn ní Ìsánlú,
òjò sì ti ń ṣú lẹ́yìn òkè láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Ọdún méjìlélógójì ni mo fi tún rédíò ṣe.
Mo ti rí èyí tí aáyán bímọ sí nínú,
mo ti rí èyí tí ìyàwó jù lu ọkọ.
Mi ò tíì rí èyí tó ń sáré.

Mo tú u. Ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò mi lọ.
Àpótí tó ń gbọ́ àṣẹ láti ọwọ́ ọmọ
kéré bíi ṣúgà onígun, wáyà rẹ̀ tín-ín-rín bí irun àgbàdo.
Omi kì í bá irú èyí jà ní gbangba.
Á wọlé, á jókòó, á dákẹ́;
lọ́jọ́ kẹta, bàbà á hu ewú aláwọ̀ ewé.

A tọrọ ọ̀dà èékánná lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀dé.
Pupa nìkan ló ní. Òun la fi kun ojú pátákó iná náà,
a fo ibi tí wáyà ti ń kẹnu bọ ara wọn,
torí iná ò lè gba inú ọ̀dà kọjá;
òrí díẹ̀ la fi pa ibẹ̀.
A gbé àpótí náà wọ bàlúùnù,
a fi rọ́bà so ó lọ́rùn.

Tólúhì fẹ́ fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo rẹ̀ pa.
Mo ní rárá. Ẹ̀ńjìnnì ń làágùn bí èèyàn.
Ilé tí kò ní fèrèsé, òógùn onílé ni yóò rì í.
Dá ihò kan sí, kó kọjú sílẹ̀.

Wò ó, má jẹ́ kí wáyà wọlé gbọnrangandan.
Ìwọ náà kì í wọ ilé àgbà bẹ́ẹ̀.
Jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, kó tẹ̀ bí ẹni ń kí ni,
kó tó gòkè.
Omi ò mọ ìkíni. Ibi ìtẹ̀ náà ni yóò ti já bọ́.
Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì,
bóyá ẹ̀ẹ̀kan ò ní tó.

Òjò dé bí olówó èlé.
Mọ́tò mẹ́fà ló tò. Ti ọmọ apòògùn, tó ti Àbújá dé,
yí sápá kan ní ìyípo kejì, kò gbọ́ àṣẹ mọ́.
Èéfín ni ti Arókòyọ̀ fi dágbére.
Tiwa ń lọ! Ó ń ta omi sẹ́yìn bí ìrù àkùkọ,
èmi arúgbó ń pariwo lábẹ́ agboòjò tí irin rẹ̀ ti ṣẹ́.
Ìyípo tó kẹ́yìn ló kú.

Bọ́tìnnì ìtanná.
A dí àjà, a dí fèrèsé, a gbàgbé ilẹ̀kùn.

Ipò kẹta. Ìwé àjákọ kan ni ẹ̀bùn, ó ti rin.

Lọ́jọ́ kejì a tẹ́ ẹ sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gẹ́ tí ìyá rẹ̀ sá.
Ẹ̀kán omi kan ṣì wà níbi ìtẹ̀ wáyà,
ó ń dán, kò ríbi wọlé.
Tólúhì ò fọwọ́ kàn án.
Ó lọ pe ìyá rẹ̀ wá wò ó.