Òǹtẹ̀ Kan Náà

Ìdì mẹ́ta ni wọ́n bá lápò ọmọ náà,
ìdì mẹ́ta tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé,
tí wọ́n fi ìwé ìròyìn àná wé bí ẹni wé ẹ̀pà.
Oyèékànmí, ọmọ ọdún méjìlélógún,
ẹni tó ń jó irin mọ́ irin lẹ́yìn Sábó,
aṣọ ọrùn rẹ̀ ṣì ń rùn fún èéfín iṣẹ́.

Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé,
èmi akọ̀wé kóòtù láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Sájẹ́ǹtì ní, "Igbó ni, Olúwa mi."
Adájọ́ gba òkè awò ojú rẹ̀ wò ó:
"Ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?"
Ọmọ ní, "Ẹ̀yìn ló ń ro mí lálẹ́, sà, ni mo fi ń fà á."
Ẹ̀yìn ríro kò sí nínú ìwé òfin.
Oṣù mẹ́jọ.
Mo gbá òǹtẹ̀ lé e lórí, gbàà.

Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé
pé ọdẹ ló dá ìlú yìí sílẹ̀ nídìí igi àjàgbọn,
pé ìyàwó ọdẹ a máa pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́,
àwọn ọdẹ yòókù a máa tẹ̀lé òórùn rẹ̀ wá,
wọ́n ń mu, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọn ò tètè lọ,
títí àìtètèlọ fi di ìlú.
Igbó ló bí Ògbómọ̀ṣọ́, ọtí ló wò ó dàgbà.
Ta wá ni ká mú nínú ìyá àti alágbàtọ́?

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò ní kí wọ́n máa gbé e kiri lórí igbá.
Àdìgún, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fà á fún ọdún mẹ́rin,
ó ti wá ń kí ògiri ní "ẹ kú ilé",
á sì dúró kí ògiri dáhùn.
Ìyá rẹ̀ ló ń dáhùn láti inú yàrá,
pẹ̀lú ohùn ògiri.

Bàbá mi wá ńkọ́?
Kò fẹnu kan sìgá rí láyé rẹ̀.
Ògógóró ló yàn lọ́rẹ̀ẹ́. Ìgò rẹ̀ wà lẹ́yìn àga,
ìwé àṣẹ wà lára ògiri ẹni tó tà á fún un.
Nígbà tí ikùn rẹ̀ wú bí agbè,
tí ẹyinjú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè,
a gbé e lọ sí ọsibítù Onítẹ̀bọmi.
Dókítà béèrè, "Kí ni bàbá ń mu?"
Gbogbo wa wolẹ̀.
Mo ń retí ọlọ́pàá, ẹ gbà mí gbọ́. Wọn ò wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdájọ́ yẹn, adájọ́ ti lọ,
Sájẹ́ǹtì fà mí lọ sọ́dọ̀ Ìyá Abíọ́nà,
ojúlé kejì sí kóòtù, níbi tí bíà ti ń tutù nini.
Ó mu ìgò mẹ́ta.
Mo kà á; kíkà ni iṣẹ́ mi.
Ó ní, "Akọ̀wé, ayé yìí le o,"
ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó kọrí sí ọ̀nà Ìlọrin láìtan iná.
Lókè firíìjì, nínú férémù, ìwé àṣẹ obìnrin náà:
òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò, ó wọ́ díẹ̀ sápá òsì.
Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ni.

Àwọn ọ̀dọ́ ní, ẹ ṣílẹ̀kùn fún igbó bí ẹ ti ṣí i fún ọtí.
Àwọn ìjọ ní, ẹ ti méjèèjì mọ́ta.
Bí wọ́n bá bi mí, màá ní:
ẹni tó ní ẹ̀yìn ń ro òun, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀.
Ṣùgbọ́n wọn kì í bi akọ̀wé.

Mo ti géètì kóòtù kí n tó relé.
Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀ ṣì ń dán.
Oyèékànmí ló jó o, lẹ́ẹ̀rùn èṣí.
A ṣì jẹ ẹ́ ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà.