Ọkọ̀ Ni Mo Mọ̀

Ọkọ̀ ni mo mọ̀, n ò mọ ọkàn.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń dí ihò ọkọ̀ ojú omi ní Quemchi,
èèpo igi àti ọ̀dà ni mo fi ń dí àárín pákó sí pákó.
Bí omi bá ń yọ́ wọlé, etí mi ló kọ́kọ́ ń gbọ́.
Ṣùgbọ́n nígbà tí ètè Rayén dà bí aró,
mo rò pé èso igbó ló jẹ.
Mo tilẹ̀ bá a wí.

Nọ́ọ̀sì erékùṣù wa gbé etí lé e láyà,
ó dákẹ́, ó pẹ́.
Ó kọ orúkọ dókítà ọkàn méjì sẹ́yìn páálí oògùn.
"Àwọn méjèèjì mọṣẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ ó yàn."

Yàn!
Edelmira ìyàwó mi mọ oríṣi ọ̀dùnkún méjìlá,
bó bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó mọ èyí tó ti rà nínú.
Èèyàn ò ṣeé fọwọ́ tẹ̀.

A kọjá omi lọ sí Puerto Montt lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Ìwé ẹ̀rí mọ́kànlá ló wà lára ògiri Dókítà Larraguibel,
ẹja wẹ́wẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú gíláàsì.
Ó fi bírò ya ọkàn fún wa sórí ìwé:
ilé oníyàrá mẹ́rin, ògiri àárín ló lu.
Ó yé mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀.
Ni mo bá bi í ní ohun tí àwọn apẹja máa ń bi èmi náà
kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ wọn fún mi:
"Mélòó ló ti rì mọ́ yín lọ́wọ́?"
Ó wo aago.
Ó ní irú ìbéèrè yẹn kì í ran òbí lọ́wọ́.
Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ.
Edelmira ti ń de bọ́tìnì aṣọ ọmọ.

Bọ́ọ̀sì gbé wa dé Valdivia nínú òjò,
Rayén bì sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Dókítà Mansilla, obìnrin kúkúrú, okùn bàtà rẹ̀ kan tú.
Òrùlé rẹ̀ ń jò, bọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní igun yàrá.
Èmi! Ta ni yóò gbé ihò ọmọ rẹ̀
fún ẹni tí kò rí ti òrùlé ara rẹ̀ dí?
Ó ń ra ọwọ́ méjèèjì pọ̀ títí wọ́n fi móoru
kó tó fọwọ́ kan ọmọ.
Ó ki ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà bọ ọmọ létí, ó ní kó gbọ́ tirẹ̀.
Rayén ní, "Ó ń dún bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Nolberto."
"Báwo nìyẹn ṣe ń dún?"
Ó sì dúró gbọ́ èsì.

Mo bi òun náà.
Kò wo aago.
"Mẹ́rin," ó ní, "nínú igba ó lé díẹ̀.
Mo mọ orúkọ wọn."
Kò dárúkọ ẹnì kankan, n ò sì bi í.
Omi kán sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Lóru, nílé àlejò, Edelmira ò lè sùn,
ó ní mẹ́rin yẹn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú wa.
Bóyá ẹni tí kò sọ ló ṣàánú wa. N ò mọ̀.
Wọ́n ní ká fọkàn tán dókítà.
Ọkàn ta ni? Tèmi ti tán tipẹ́.
Tọmọ ló kù, ó sì ní ihò.

Ilẹ̀ mọ́, mo yá àkàbà lọ́wọ́ onílé,
mo ra ọ̀dà, mo gun òrùlé obìnrin náà.
Edelmira pè mí láti ìsàlẹ̀:
"Ṣé kí n lọ forúkọ sílẹ̀ nìyẹn?"
N ò dáhùn. Mo ń wá ibi tí omi ń gbà wọlé,
kì í sábà jẹ́ ibi tó ti ń kán.
Nínú yàrá, mo ń gbọ́ Rayén
tó ń ka ẹ̀kán omi fún dókítà:
méje, mẹ́jọ,
ó dúró, ó mí,
mẹ́sàn-án.