Ọ̀nà Àbọ̀ Iná

Ìdajì Òkè Sélímù la dé tí abẹ́rẹ́ ìgbóná fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀,
ó ń fà sápá pupa bí ẹni tí wọ́n forúkọ pè.
Bàbá ò wò ó. Ọ̀nà ló ń wò,
ọ̀nà, àti òjìji àpótí ápíríkọ́tì mẹ́rìndínlógún
tí a dì sórí ọkọ̀ láti oko wa nísàlẹ̀,
tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé Martuni kí oòrùn tó rọ̀ wọ́n.
"Bàbá, ẹ dúró."
Etí ọ̀tún ni mo bá sọ̀rọ̀. Etí ọ̀tún ti kú
láti ayé tó fi ń fọ́ òkúta pupa ní kúárì.
Mo di apá rẹ̀ mú.

Jígúlì yìí fi ọdún mẹ́rin jù mí.
A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ooru gbá wa lójú,
omi ń hó nínú rédíétọ̀ bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé síná.
Bàbá nawọ́ sí ìdérí. Mo gbá ọwọ́ náà kúrò.
A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná,
ká má tilẹ̀ sọ èyí tí kì í ṣe ahọ́n ló máa bó, ojú ni.

A dúró.
Ọmọ darandaran Yésídì kan, Temur, kó àgùntàn rẹ̀ dé,
ó ní orísun omi kan wà lẹ́yìn àpáta, bóyá òun la nílò.
Omi kọ́. Nígbà tó tutù tí mo ṣí i, ife méjì péré ló dín.
Rọ́bà òkè ti gbóná, rọ́bà ìsàlẹ̀ náà gbóná: omi ń rìn.
Fíúsì? Irun inú rẹ̀ kò já.
Fáànù nìkan ló dákẹ́
bí ẹlẹ́rìí tí wọ́n ti fún lówó.

Mo yọ wáyà méjì lára ẹ̀rọ kékeré tó ń tọ́ ooru wò,
mo fi ẹnu kan ẹnu.
Bó bá yí, ẹ̀rọ yẹn lọ̀daràn. Kò yí. Mo dá a láre.
Mo fa wáyà tààrà láti orí bátìrì, ti àlọ àti ti àbọ̀:
fáànù ta jí, ó fẹ́ eruku lu Temur lójú, àgùntàn tú ká.
Ó wà láàyè, nígbà náà.
Mo yọ ti àbọ̀. Ó dákẹ́.

Iná ń lọ, kò rọ́nà padà wálé.
Mo rántí Vaghinak ẹ̀gbọ́n mi ní Krasnodar,
mo sì gbé e kúrò lọ́kàn, torí wáyà dúdú ló wà lọ́wọ́ mi.
Mo tọ̀ ọ́ lọ dé ìdí bóòtù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú:
ìpẹtà ti bò ó, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ara òkúta etí odò.
Ọ̀bẹ tí a fi ń la ápíríkọ́tì ni mo fi ha á
títí irin fi funfun. Mo dè é padà.

Bàbá ta ẹ́ńjìnnì. A ń wo abẹ́rẹ́, ó gòkè, ó gòkè,
ó kan ìlà kan, fáànù sì dáhùn.
Mo bọ́ sápá etí òsì: "Ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ gbẹ̀yìn?"
Ó wo àfonífojì pẹ́.
"Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́," ó ní. "Mo rò pé etí mi ni.
Mo rò pé èyí tó kù náà ti ń lọ.
N ò fẹ́ kí ẹ mọ̀."

Temur ti jẹ ápíríkọ́tì mẹ́ta, ó ń tu kóró sọ́wọ́.
Àpótí òkè pátápátá ti rọ̀, kò ní tà mọ́; a fún un.
Bàbá ò tíì fẹ́ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ọkọ̀,
ó kọ etí òsì sí irin, ó dijú,
bí ẹni tó ń gbọ́ bóyá ọmọ ṣì ń mí.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni fáànù dákẹ́ tó tún sọ̀rọ̀
kó tó wá jókòó.