Ìlẹ̀kẹ̀ Inú Wàrà

Ìnnà Hurérà ní Gáà Ọ̀dọ̀tá kì í wọn ewé.
Á já bọ̀mùbọ̀mù mẹ́ta, mẹ́rin,
á gún un, á sẹ́ ẹ, á da oje rẹ̀ sínú wàrà lórí iná,
á wá máa wo ojú ìkòkò bí ẹni ń wo ojú àlejò.
"Bó bá pọ̀ jù, á korò. Bó bá kéré jù, á sùn."
Wàrà á dì, omi á yà,
oje á bá omi lọ sínú gọ́tà.
Òṣìṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ohun tó ń bá gọ́tà lọ yẹn
ni mo ti ń lé láti oṣù Rájábù.
Ẹ́ńsáìmù ni wọ́n kọ́ wa pé ká máa pè é.
Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá:
ó ń gé irun tín-ín-rín tí kò jẹ́ kí hóró wàrà fara kanra.
Tó bá gé e tán, òun alára kò dín,
òmíràn ló ń wá tí yóò gé.
Ta ní ń da irú abẹ bẹ́ẹ̀ nù?

Yéèsúfù, bàbá tó bí ìyá mi,
wà lára àwọn tó ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántànà kẹ́yìn ní agbo ilé wa.
Òkúta pupa, irin tẹ́ẹ́rẹ́, omi díẹ̀díẹ̀.
Ó máa ń sọ pé ihò ni iṣẹ́, òkúta kọ́:
ìlẹ̀kẹ̀ tí kò níhò, kí lòwú fẹ́ bá a sọ?

Òun ni mo rántí ní yàrá àyẹ̀wò ní Tánkẹ̀,
lọ́jọ́ tí iná lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
tí mo di abẹ́rẹ́ mú, tí mo ń kán
oje koríko òkun, tí mo ti po ẹ́ńsáìmù mọ́,
sínú omi kálísíọ́ọ̀mù.
Tó.
Tó.
Ẹ̀kán bọ́ sómi, ó di hóró,
ó ń dán bí ojú ẹja.
Wọ́n ní ojúlówó ìlẹ̀kẹ̀ kì í pariwo;
tèmi ò tiẹ̀ lè pariwo, ó rọ̀ jù.

Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́,
torí inú ìwé kì í sábà sí i.
Omi iyọ̀ tí mo fi fọ̀ wọ́n ló jí kálísíọ́ọ̀mù wọn gbé,
wọ́n yọ́ lọ́wọ́ mi bí òrí nínú oòrùn.
Ti ìkejì tóbi jù,
wàrà kò ráàyè dé ibi tí òṣìṣẹ́ jókòó sí.
Ọ̀gá Àńjọọ̀rín ní ṣé n ò ní kọ nǹkan mìíràn?
Mo lọ ra abẹ́rẹ́ tó kéré sí i ní Sábó Òkè.

Ìnnà wá wò ó ní ọjọ́ Àlàmísì.
"Ẹ ti ewé mọ́lé," ló wí.
Mo ní ihò wà lára rẹ̀, Ìnnà:
ó kéré fún ewé láti jáde,
ó fẹ̀ tó fún wàrà láti wọlé.
A da wàrà tútù gba àárín wọn. Kò dì.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ilé ìwé."
Mo gbé wàrà náà kaná, láìsí ewé, láìsí ìlẹ̀kẹ̀,
ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì dì,
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí
pé ẹnì kan ti fọwọ́ kan òun lọ́nà.

Ó tọ́ ọ wò. Kò korò.
Mo fọ ìlẹ̀kẹ̀, a tún da òmíràn.
Ewé tó wà lómìnira yára jù ú lọ níjọ́ kìíní;
níjọ́ kejì, níbo lẹ ti fẹ́ rí i?
Ẹ̀ẹ̀kọkànlá ló ṣiṣẹ́ kó tó máa lọ́ra,
torí díẹ̀díẹ̀ ló ń jò, kò sí àtìmọ́lé tí kì í jò.

Ìnnà mú hóró kan, ó gbé e sókè sí fèrèsé.
"Èló lẹ máa tà á?"
N ò mọ̀.
Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.