Ojú Ewé Mẹ́ta Lórí Kọ́bọ́ọ̀dù

Ní Grimsby, nínú ilé tí òórùn ẹja kì í kúrò lára ògiri rẹ̀,
mo ń tọ́jú Màmá Irmgard, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Lálẹ́, bí mo bá ti fún wọn lóògùn tán,
wọ́n á ní kí n jókòó, wọ́n á ṣí ìwé àwọn ará Jámánì àtijọ́,
wọ́n á máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Òǹkọ̀wé náà kò kánjú rárá.
Ojú ewé mẹ́ta lórí kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo:
ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́, àgbékọ́ rẹ̀ tó ti dípẹtà,
ṣíbí mẹ́fà níbi tó yẹ kó jẹ́ méjìlá.
Mo ní, "Màmá, ìgbà wo ni nǹkan yóò ṣẹlẹ̀?"
Wọ́n ní, "Ó ti ṣẹlẹ̀. Ka ṣíbí."

Ojú tì mí,
nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí Ìkirè, sí ẹ̀gbọ́n mi Àyọ̀ká:
ilé mi gbòòrò, ara mi le, gbogbo nǹkan ń lọ geere.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí mo tún un kọ.
Yàrá kan ni. Fèrèsé rẹ̀ kì í tì dáadáa,
mo fi ìbọ̀sẹ̀ kan dí i; èkejì wà lẹ́sẹ̀ mi.
Ata gbígbẹ inú ìgò ti ku ìwọ̀n ìka kan.
Ìyá arúgbó kan ń ka ìwé fún mi ní èdè tí n kò gbọ́.
N kò fi àdúrà parí rẹ̀.

Àyọ̀ká pè kíá. Kò bèèrè owó.
Ó ní, "Ìbọ̀sẹ̀ wo?
Ṣé èyí aláwọ̀ ewé tí mo rà fún ọ?"