Láti Àárín

Ọ̀gá Lefítérì pè mí lórí fóònù láàárọ̀:
"Asimína, ojú ìwé mọ́kànlá kí ọkọ̀ tó ṣí!
Ta ni yóò jókòó sínú òkùnkùn dúró dè ọ́?
Bẹ̀rẹ̀ láti àárín."

Àárín. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lánàá.
Mo gbé kọfí mi lọ sójú fèrèsé àjà kẹrin.
Áténì ń làágùn nísàlẹ̀, ẹnì kan ń sá aṣọ,
mo sì rántí ìyá ìyá mi, Marigó ará Kálímínọ̀,
tí kò mọ̀wé kà,
tó wọ ilé sinimá lẹ́ẹ̀kan péré láyé ẹ̀,
tó sì sùn lọ kí wọ́n tó ja ìjà àkọ́kọ́.

Bó bá ń pa ìtàn ọkọ rẹ̀ fún wa,
ọkọ tó ń wọ ibú lọ já kànrìnkàn òkun létí Líbíà,
kò ní sọ pé "ní ọjọ́ kan báyìí."
Yóò ní: "Okùn náà ti já."
Á dákẹ́. Á máa bó ọsàn.
Àwa ọmọdé á ti gbàgbé àtimí.
Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó padà lọ ṣa ọ̀rọ̀ nílẹ̀:
ọjọ́ Àjíǹde tí wọ́n ṣíkọ̀,
orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tó wà nínú ẹ̀,
Pandelí ẹlẹ́dọ̀fóró-bí-ẹwìrì,
Mikés tí í bá ẹja sọ̀rọ̀,
kò gbọdọ̀ fo ẹnì kan.
Ṣé bàbá àgbà padà wálé?
Bí òru bá ṣe gùn sí ni.

Ta ló kọ́ ọ? Ìyá rẹ̀.
Ta ló kọ́ ìyá rẹ̀? Ẹ má bi mí jìnnà.
Ọ̀nà náà ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ,
ó dé ọ̀dọ̀ àwọn akéwì tí kò ní bírò,
tí wọ́n fi ẹnu wa ọkọ̀, tí wọ́n fi ẹnu jó ìlú,
tí wọ́n á kọ́kọ́ bẹ ọmọbìnrin òrìṣà kan pé kó fọhùn,
kí wọ́n tó já lu ogun
nígbà tí ogun ti ń gbó lọ.

Òun ni wọ́n ń tà fún wa ní Họ́líwúùdù báyìí,
nínú ìwé ẹlẹ́yìn dídán, lówó dọ́là:
akọni kúrò nílé, akọni rí màbo, akọni padà.
N ò bínú. Ẹni tó jí adìẹ ẹni,
tó tún sè é fún ni jẹ, ó kúkú mọ ata lò.
Àmọ́ wọn ò kọ ti ọsàn síbẹ̀.
Wọn ò kọ ìdákẹ́.

Mo pa ojú ìwé mẹ́wàá rẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́:
Inú ilé. Alẹ́.
Obìnrin kan ń bó ọsàn.
Wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Kò dìde.

Ìran la fẹ́ wò; ìran ló bí i.
Lọ́la, Lefítérì á tún pè,
á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Níbo lo ti rí èyí?"
N ó purọ́ fún un.
N ó ní mo kà á nínú ìwé.